Alẹ́ Méjì ní Ghandruk: Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣètò Ìrìn Àjò Kékeré Lọ sí Abúlé Kan Lórí Òkè Himalaya

Bí wọ́n bá dárúkọ Himalaya, Everest ló máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn: yìnyín, okùn, ìgò ọ́síjìn, àti àwọn tó lọ tí wọn ò bọ̀. Bẹ́ẹ̀, abúlé pọ̀ lórí òkè yẹn. Àwọn èèyàn ń dáko níbẹ̀, wọ́n ń da ewúrẹ́, ọmọ wọn ń lọ sílé ìwé. Ẹni tí kò gun òkè rí, tó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan péré, lè dé irú abúlé bẹ́ẹ̀, kó rí òkè tó ga ju mítà 7,000 lọ láti ẹnu ọ̀nà yàrá tó sùn, kó sì padà sílé láyọ̀. Ohun tó ń sọ ìrìn náà di ìyà ni ojúkòkòrò. Èèyàn á fẹ́ rí abúlé mẹ́rin láàárín ọjọ́ márùn-ún, kò sì ní rí ọ̀kankan dáadáa. Abúlé kan ṣoṣo ni kí ẹ mú, kí ẹ sì sùn níbẹ̀ lálẹ́ méjì. Gbogbo ètò tí mo fẹ́ là kalẹ̀ yìí dá lórí ìyẹn.

Ìdí tí mo fi mú Ghandruk

Ghandruk wà ní agbègbè Kaski ní Nepal, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó dojú kọ Annapurna South (mítà 7,219), Hiunchuli (mítà 6,441) àti Machhapuchhre (mítà 6,993). Ẹ̀yà Gurung ló ni abúlé náà. Láyé àtijọ́ ẹsẹ̀ nìkan ló ń gbé èèyàn débẹ̀. Ní báyìí jíìpù ń gun òkè dé Kimche, nísàlẹ̀ abúlé, ìrìn wákàtí kan sí méjì ló sì máa ń kù.

Gíga rẹ̀ ló mú kí n yàn án. Mítà 2,012 ni Ghandruk fi ga ju ìtẹ́jú òkun lọ. Chappal Waddi, òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Taraba, ga jù ú lọ, torí mítà 2,419 ni tirẹ̀. Àìsàn ibi gíga, èyí tí í máa fọ́ni lórí, tí í máa múni bì, tó sì lè pani bí èèyàn bá ta kú, kì í sábà ṣe èèyàn lábẹ́ mítà 2,500. Ẹ wá fi wé Leh ní Íńdíà, tó wà ní nǹkan bíi mítà 3,500. Ẹni tó bá wọ bàálù débẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ sinmi kí ara rẹ̀ tó mọ ibẹ̀ lára, ìsinmi kékeré á sì ti lọ. Ní Ghandruk, ọjọ́ tí ẹ bá dé náà ni ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn. Bí ọkàn yín bá fà sí abúlé mìíràn lórí Himalaya, ẹ kọ́kọ́ béèrè gíga ibi tí ẹ máa sùn. Ìdáhùn yẹn ló máa sọ bóyá ìrìn náà rọrùn fún ẹni tí àyè rẹ̀ kò pọ̀.

Ẹ wo ara yín kí ẹ tó wo owó

Ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, torí àwọn ìwé tí òyìnbó ń kọ nípa òkè yìí kì í sábà dárúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó kan ọ̀pọ̀ ilé láàárín wa. Ibi tí atẹ́gùn ti fúyẹ́, òtútù, òùngbẹ àti làálàá, gbogbo wọn ló lè jí ìrora fòníkú-fọ̀ladìde dìde, Ghandruk sì ní díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo wọn. Ẹni tó bá jẹ́ SS tàbí SC kò gbọdọ̀ san owó kankan títí dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ á fi sọ̀rọ̀. Kí ó sọ gíga ibẹ̀ fún dókítà náà ní mítà, kó má kàn sọ pé òun ń lọ sí ìlú òkèèrè. Bàálù pàápàá wà nínú ohun tó yẹ kí wọ́n jọ yẹ̀ wò.

Àwọn AS kì í sábà ní ìṣòro ní irú gíga yìí. Ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn AS kan níbi gíga pé ìrora líle mú wọn lábẹ́ egungun ìhà òsì. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má pè é ní inú rírun lásán. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní Pokhara, ìlú ńlá tó wà nísàlẹ̀ òkè, lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ jẹ́nótáìpù yín fún wọn kí wọ́n tó béèrè, torí ó lè má wá sí wọn lọ́kàn.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni orúnkún. Àtẹ̀gùn òkúta ló kún ojú ọ̀nà Ghandruk, àti nínú abúlé gan-an. Gígùn á mú yín mí hẹlẹhẹlẹ, sísọ̀kalẹ̀ ló máa ń dun orúnkún. Oṣù kan ṣáájú, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí ẹ gbé àpò tí ẹ máa gbé lọ kọ́ ẹ̀yìn. Ẹni tó wà nítòsí Oǹdó ní Òkè Ìdànrè, níbi tí àtẹ̀gùn ti lé ní 600. Ẹni tó bá lè gun ìyẹn, kó sinmi díẹ̀, kó sọ̀ kalẹ̀, kó sì rìn ní ọjọ́ kejì láìtiro, ó ti tó Ghandruk lọ.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ

Ẹ lọ ní oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá, lẹ́yìn tí òjò bá ti fọ ojú sánmà. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ẹ lọ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, nígbà tí òdòdó lali gurans, òdòdó orílẹ̀-èdè Nepal, bá ń pọ́n káàkiri igbó. Oṣù kejìlá àti ìkínní dára fún ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n òtútù alẹ́ ń mú gan-an, yàrá kì í sì í ní ẹ̀rọ amóoru.

Láti oṣù kẹfà títí kan ìkẹsàn-án, mo ní kí ẹ jókòó sílé. Òjò ń ya ilẹ̀ lulẹ̀ lójú títì, eṣúṣú ń gun èèyàn lẹ́sẹ̀ nínú igbó, ìkùukùu sì lè bo òkè lọ́jọ́ tí ẹ dé títí di ọjọ́ tí ẹ máa lọ. Ẹ tún wo ọjọ́ ọdún Dashain, tó máa ń bọ́ sí oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá. Gbogbo Nepal ló ń lọ sílé nígbà náà, ọkọ̀ á kún, owó ọkọ̀ á gbówó lórí, ọ́fíìsì ìjọba á sì tì.

Ìwé

Ibí ni ẹni tó ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ti gbọ́dọ̀ fara balẹ̀. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni ọmọ wọn lè gba físà ní pápákọ̀ òfurufú Tribhuvan ní Kathmandu, olú ìlú Nepal. Nàìjíríà kò sí nínú wọn, Gánà náà kò sí níbẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ti gba físà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Nepal kó tó gbéra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bàálù lè má gbé e rárá. Oṣù méjì sí mẹ́ta ṣáájú ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì san owó bàálù tí kò ṣeé gbà padà títí físà á fi tẹ̀ yín lọ́wọ́. Àwọn ọmọ wa tó ń lo páásípọ́ọ̀tù Bìrìtìkó tàbí ti Amẹ́ríkà lè gbà á ní pápákọ̀ ní dọ́là 30 fún ọjọ́ 15, tàbí dọ́là 50 fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ọjọ́ 15 ti tó fún ètò yìí.

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Nàìjíríà tàbí Bẹ̀nẹ̀ gbọ́dọ̀ mú yẹ́lò káàdì dání, èyí tí wọ́n fún un nígbà tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà apọ́njú. Wọ́n ń béèrè rẹ̀. Ẹ tún ra adójútòfò ìrìn àjò tó sọ ọ́ ní kedere pé ó kan ìrìn orí òkè dé gíga tí ẹ ń lọ, tó sì máa sanwó bí hẹlikópítà bá ní láti gbé yín. Ẹ ka ojú ewé tí wọ́n kọ ọ́ sí fúnra yín.

Ìwé méjì ni ẹ ó gbà ní Nepal. Ìkínní ni ìwé àṣẹ ACAP, ti agbègbè ààbò Annapurna, tó jẹ́ rúpíì Nepal 3,000 fún àjèjì. Ìkejì ni káàdì TIMS, èyí tí wọ́n fi ń forúkọ àwọn tó ń rìn lórí òkè sílẹ̀, rúpíì 2,000. Ọ́fíìsì tó ń ṣe wọ́n wà ní Pokhara, ẹ mú fọ́tò páásípọ́ọ̀tù mẹ́rin dání. Sátidé ni ọjọ́ ìsinmi wọn ní Nepal, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ ìwé yín bọ́ sí àárín ọ̀sẹ̀. Owó ACAP yìí kì í dùn mí láti san. Ní 1986 ni wọ́n dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, Ghandruk gan-an ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí owó àwọn àlejò lè máa tọ́jú igbó àti abúlé.

Láti oṣù kẹrin ọdún 2023, ìjọba Nepal ti pa á láṣẹ pé àjèjì tó bá ń rìn lórí òkè gbọ́dọ̀ ní afinimọ̀nà tó ní ìwé ẹ̀rí. Kódà bí òfin náà kò bá sí, mo máa ní kí ẹ gba ọ̀kan, pàápàá bó bá jẹ́ ọmọ Gurung, torí ojú ọ̀nà nìkan kọ́ ni yóò fi hàn yín, yóò mú yín wọ ilé èèyàn. Lakeside, àdúgbò ẹ̀bá adágún ní Pokhara, ni àwọn ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ pọ̀ sí. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kí ẹ sì fẹnu kò kí ẹ tó gbéra: ṣé owó òòjọ́ tí ẹ dá ti ní oúnjẹ rẹ̀, ibùsùn rẹ̀ àti adójútòfò rẹ̀ nínú? Àríyànjiyàn àárín ọ̀nà, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Ọjọ́ kan tẹ̀ lé èkejì

Ọjọ́ kìíní ni ẹ dé Kathmandu. Láti Èkó, Doha tàbí Istanbul ni ọ̀pọ̀ ń gbà kọjá. Ẹ gba síìmù Ncell tàbí Nepal Telecom, kí ẹ pààrọ̀ owó díẹ̀, kí ẹ sùn. Aago Nepal fi wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 45 ṣáájú ti Nàìjíríà, ojú oorun yín á kọ́kọ́ dàrú.

Ọjọ́ kejì ni Pokhara. Nǹkan bí kìlómítà 200 ni, ọ̀nà méjì ló sì wà. Bàálù ń gbà tó ìṣẹ́jú 25 sí 30. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́, ìhà ọ̀tún ni kí ẹ jókòó sí, ẹ ó rí òkè yìnyín lọ tààrà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Nepal ní 2013 nítorí ọ̀rọ̀ ààbò. Bọ́ọ̀sì àwọn àlejò máa ń gbéra láàárọ̀ kùtù, ó lè gba wákàtí méje sí mẹ́wàá, ọ̀nà náà sì máa ń hàn yín léèmọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bọ́ọ̀sì ojúmọmọ ni èmi máa mú. Ẹ má wọ ti òru, ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín.

Ní Pokhara ni kí ẹ ti parí ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ, kí ẹ sì gba gbogbo owó tí ẹ máa ná lórí òkè níbi ẹ̀rọ ATM. Rúpíì kéékèèké ni kí ẹ béèrè. Ẹ má gbára lé káàdì ní abúlé.

Ọjọ́ kẹta, ẹ wọ bọ́ọ̀sì láti Baglung Bus Park, tàbí kí ẹ jọ dá owó jíìpù. Ọ̀nà náà gba Nayapul dé Birethanti, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé àṣẹ wò, kó tó gun òkè lọ sí Kimche. Ẹ fi wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin sí i. Awakọ̀ lè sọ pé òun á gbé yín kọjá Kimche. Bí ara yín bá le, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Kimche, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn. Àtẹ̀gùn òkúta yẹn, pẹ̀lú oko ìrẹsì àti jéró ní ìpele-ìpele lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wà lára ohun tí ẹ bá wá. Ẹ rìn bí ẹni tó lè máa sọ̀rọ̀ lọ. Bí ẹ bá ń mí débi tí ọ̀rọ̀ kò fi jáde, ẹ ti yára jù. Bí ìbaaka ẹlẹ́rù bá ń bọ̀, ẹ dúró sí ìhà òkè, kí ẹ má dúró sí ìhà àfonífojì, kí ẹrù wọn má baà tì yín ṣubú.

Ọjọ́ kẹrin, ẹ má lọ ibì kankan. Mo mọ̀ pé àwọn kan á fẹ́ kí ẹ tẹ̀síwájú lọ sí Ghorepani àti Poon Hill, tó ga ní mítà 3,210. Ó dára, ṣùgbọ́n ìrìn mìíràn nìyẹn, ó sì ń fẹ́ ọjọ́ tirẹ̀.

Ọjọ́ karùn-ún, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ń ké, kó gba Kimche padà. Ẹni tí ara rẹ̀ yá lè sọ̀ kalẹ̀ sí odò Modi Khola, kó gba orí afárá kọjá, kó sì gun òkè díẹ̀ dé Landruk ní òdìkejì, kó wọ jíìpù padà sí Pokhara níbẹ̀. Ẹ bá awakọ̀ sọ ọ́ sílẹ̀ láti àná.

Ẹrù

Kí àpò yín má ju kìlógíráàmù mẹ́jọ lọ. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Pokhara, wọ́n á bá yín tọ́jú rẹ̀. Bàtà tí ẹ ti wọ̀ di ti ẹsẹ̀ yín ni kí ẹ wọ̀. Bàtà tuntun á bó yín lẹ́sẹ̀. Súẹ́tà méjì tó ṣeé wọ̀ léra wọn, kóòtù tí òjò kò lè gbà kọjá, fìlà tó bo etí, ìbọ̀sẹ̀ nípọn, sílípáàsì fún inú ilé, tọ́ọ̀ṣì, páwà báǹkì, ìgò omi àti oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi. Omi kànga tàbí ti ẹ̀rọ, ẹ má mu ún bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ di irun yín kí ẹ tó kúrò nílé, torí omi gbígbóná kì í fìgbà gbogbo wà. Ẹ mú òrí dání: òtútù àti oòrùn ibẹ̀ ń gbẹ awọ ara, ètè á sì máa là. Oòrùn orí òkè ń jó àwa náà, awọ dúdú kò ní kó má jó.

Nínú abúlé

Ẹ máa jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Kí ìkùukùu tó dé ni òkè máa ń hàn jù, oòrùn á kọ́kọ́ kan orí Annapurna South, á sì máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Machhapuchhre ni kí ẹ wò dáadáa. Òkè ọ̀wọ̀ ni fún wọn. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Bìrìtìkó tó gùn ún ní 1957 dúró kí wọ́n tó dé góńgó rẹ̀, láti lè bọ̀wọ̀ fún un, ìjọba sì ti ka gígùn rẹ̀ léèwọ̀.

Ẹ rìn láàárín ilé olókùúta àtijọ́ tí wọ́n fi òkúta pẹlẹbẹ bò lórí. Músíọ́mù kékeré àwọn Gurung wà níbẹ̀, ohun èlò ilé, aṣọ àti irinṣẹ́ àwọn baba ńlá wọn ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ilé tó dúró ṣánṣán ní abúlé yìí, owó ìfẹ̀yìntì ogun ló kọ́ ọ. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn ọkùnrin Gurung ti ń wọ iṣẹ́ ológun Gurkha fún Bìrìtìkó àti Íńdíà. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Nígbà Ogun Bọ́má ní 1944, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà àti àwọn Gurkha jọ wà nínú ẹgbẹ́ Chindit tó jà lẹ́yìn ìlà àwọn Jàpáànù. Bí baba ńlá yín bá lọ sí Bọ́má, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá bá àgbàlagbà pàdé, kí afinimọ̀nà túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó jọ sọ lẹ́yìn náà á pẹ́.

Oúnjẹ wọn ni dal bhat: ìrẹsì, ọbẹ̀ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ata. Wọ́n á máa bù ú kún un títí ẹ ó fi yó. Ẹ tún béèrè dhido, tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun jéró tàbí àgbàdo rò nínú omi gbígbóná bí a ti ń ro àmàlà. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹun, òun náà ni wọ́n fi ń fúnni ní nǹkan. Ẹ má béèrè ẹran màlúù, torí ohun ọ̀wọ̀ ni màlúù fún wọn. Níbi tí ẹ bá sùn ni kí ẹ ti jẹun alẹ́. Yàrá kì í wọ́n, oúnjẹ ni èrè onílé.

Ohun tó kan ẹnu ẹnìkan, wọn kì í fún ẹlòmíràn. Ẹ má gbé ṣíbí tí ẹ fi jẹun bọ inú ìkòkò, ẹ má sì gbé ìgò tí ẹ fẹnu kàn fún ẹnikẹ́ni. Ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má na ẹsẹ̀ sí ààrò. Bí ẹ bá kan ògiri àdúrà tàbí ilé òrìṣà kékeré lójú ọ̀nà, ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín bí ẹ ti ń kọjá. Àwọn náà kì í pe àgbà lórúkọ lásán: ẹ pe obìnrin tó jù yín lọ ní didi, ọkùnrin ní dai, ìyá àgbà ní aama. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sáyà, kí ẹ kí wọn ní namaste.

Àwọn ọmọdé á wò yín gan-an, àwọn kan á fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú yín. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ mi orí. Ẹ̀yin náà, ẹ béèrè kí ẹ tó ya ẹnikẹ́ni. Ẹ má fún ọmọdé ní owó tàbí súìtì. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá abúlé, aama samuha, máa ń jó fún àlejò, wọ́n sì ń fi owó tí wọ́n bá rí ṣe iṣẹ́ ìlú. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi owó yín sí.

Kí ẹ má baà sáré padà

Ọjọ́ kẹfà ni ẹ padà sí Kathmandu, kí bàálù yín sì jẹ́ ti ọjọ́ keje lálẹ́ tàbí ti ọjọ́ kẹjọ. Ẹ má gba bàálù ilé ní ọjọ́ tí ẹ kúrò ní Pokhara. Ilẹ̀ lè ya lójú títì, ìkùukùu lè dá bàálù kékeré dúró títí di ọ̀la, títì náà sì lè dí láìnídìí. Bí ohun gbogbo bá lọ bó ṣe yẹ, ọjọ́ tó ṣẹ́ kù á tó yín wo Boudhanath, ojúbọ ńlá àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní Kathmandu, kí ẹ ra tíì díẹ̀ fún àwọn ará ilé, kí ẹ sì fọ ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà.